Póńpù Mẹ́ta ní Abà Olóbì

Sátidé, 8 oṣù kẹfà

Wọ́n ti ń sọ ọ́ láti Upenmen dé Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ pé mo fọ póńpù kòkó sínú odò, àti pé nígbà tí ẹja kú tán, mo sá lọ bá ìyá mi ní Ìkàrẹ́. Irọ́ méjì nìyẹn. N kò fọ póńpù sínú odò, n kò sì sá. Abà Olóbì níbí ni mo wà, lábẹ́ páànù tí bàbá mi kàn, mo ń jẹ ẹ̀bà àná.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí kí wọ́n tó yí i mọ́ mi lórí. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún oṣù yìí, èmi ni ó kàn láti lo póńpù àáró wa. Àwa mẹ́ta la ni ín: èmi, Tíṣà Ògúnyẹmí àti Ṣèyíọlá. Mo fọ́n oògùn sí kòkó mi láti àárọ̀. Ní nǹkan bí agogo méjìlá, ojú ọ̀run ṣú. Mo dáwọ́ dúró, mo fi omi òjò inú drọ́ọ̀mù fọ póńpù létí kòtò tí mo gbẹ́ sẹ́yìn oko, mo gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tíṣà, mo fi í kọ́ síbi tí a máa ń fi í kọ́ sí. Kò sẹ́ni tí í dá póńpù àáró padà pẹ̀lú oògùn nínú rẹ̀. Ìtìjú ńlá ni lọ́dọ̀ wa, wọ́n lè fi ọ́ kọ orin.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Ọjọ́bọ̀, ẹja ti léfòó, ikùn wọn funfun lójú odò. Ewúrẹ́ méjì Màmá Lábísí kú sí bèbè odò níbi tí wọ́n ti mu omi. Fàthíà, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, mu nínú omi náà, ó bì títí tí ojú rẹ̀ fi yí. Wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà lọ sí ọsibítù ní Ọ̀wọ̀. Kí oòrùn tó mú, Baálẹ̀ ti gbé póńpù wa, ó ti tì í mọ́ yàrá rẹ̀.

Ṣèyíọlá ló kọ́kọ́ sọ ọ́, a sì jọ ní póńpù náà ni o: "Ta ló fọ́n oògùn lánàá? Ṣebí ọmọ Àkókó yẹn ni."

Ọjọ́ Ajé, 10

Fàthíà ti dé láti ọsibítù. Ó ń jẹ bisikíìtì. Mo lọ kí wọn, Màmá Lábísí na ìgbálẹ̀ sí mi láti ẹnu ọ̀nà.

"Dúró síbẹ̀! Má wọlé mi. Bàbá rẹ kò ṣe irú èyí sí wa rí."

"Màmá, èmi kọ́ ni mo ṣe é."

"Ta wá ni? Àbí àwọn ẹja ló pa ara wọn?"

Ní ìrọ̀lẹ́, Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Láti kékeré mi, èdè Ọ̀wọ̀ ló ń bá mi sọ. Lónìí, Yorùbá tí a ń bá àlejò sọ ló sọ sí mi, ó ń fara balẹ̀ pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní ilẹ̀ tí bàbá mi gbin kòkó sí, ìwà bàbá mi ni wọ́n wò tí wọ́n fi fún un. Bí ó bá dájú pé èmi ni mo pa odò, wọn yóò gbà á padà. Gbogbo abà máa jókòó ní Ọjọ́bọ̀.

Igi irínwó ó lé díẹ̀ ni. Bàbá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn wọ́n. Sàárè rẹ̀ náà wà láàárín wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mo lọ bá Tíṣà. Òun ló kọ́ mi láti kíláàsì kẹta. Nígbà tí bàbá mi kú, òun ló jókòó tì mí fún ọjọ́ méje, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn wà níbẹ̀. Bí n bá ní ohun kan tí mo mọ̀ láyé, òun ni mo ti gbọ́ ọ.

Ó ń bó ọsàn. Ó ní, "Kí ni mo máa ń sọ fún yín nílé ìwé?"

Mo ní, "Ẹ ní kí a kọ ohun tí a mọ̀ sí apá kan, ohun tí a kò mọ̀ sí apá kejì."

"Tóò. Lọ kọ ọ́."

Mo bi í pé, "Tíṣà, lẹ́yìn tí mo fi póńpù kọ́, ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án?"

Ó ní, "Kò sí. Ibi tí o fi í kọ́ sí ló wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣebí èmi ni mo jókòó síbí." Ó fún mi ní ààbọ̀ ọsàn náà.

Mo délé, mo kọ ọ́ sí apá ohun tí mo mọ̀.

Ọjọ́rú, 12

Mo ti rí i! Póńpù mẹ́ta péré ló wà ní abà yìí. Ti Baálẹ̀ bàjẹ́ láti oṣù tó kọjá, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù Jamaldeen tó ń tún nǹkan ṣe ní Ọ̀wọ̀. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní òun ti tú u palẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú báàfù, orí rẹ̀ wà lórí tábìlì. Ti àáró wa wà lórí ìkọ́ nílé Tíṣà lóru ọjọ́ náà. Ó ku ẹyọ kan. Ti Raheem ni.

N kò fẹ́ kó jẹ́ Raheem. A jọ kẹ́kọ̀ọ́ ni, a jọ pa òkété. Mo tò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ibì kan náà ló ń já sí.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo dìde láàárín wọn, mo tò ó fún wọn bí mo ṣe kọ ọ́. Nígbà tí mo dárúkọ Raheem, ó dìde.

"Múyìwá. Èmi?"

"Kí n má sọ ọ́ ni? Mú méjì kúrò nínú mẹ́ta, kí ló kù?"

"Mi ò fọ́n oògùn rárá lọ́jọ́ yẹn. Àgbò Iléyá wa ni mo ń wẹ̀."

Ṣèyíọlá pariwo láti ẹ̀yìn: "Láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́? Àgbò lò ń wẹ̀ àbí ìyàwó?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ síbí pé mo rẹ́rìn-ín.

Baálẹ̀ yíjú sí Tíṣà. "Tíṣà, ṣé bó ṣe wí yìí ni?"

Tíṣà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Bó ṣe tò ó yẹn, kò síbi tí mo ti lè mú un."

Ó parí. Wọ́n gba póńpù Raheem. Wọ́n ní kí ó dá gbẹ́ kànga fún abà, nítorí kò sẹ́ni tó máa mu odò yẹn lọ́dún yìí. Baálẹ̀ kí mi kú iṣẹ́ ní èdè Ọ̀wọ̀.

Sọ́ńdè, 16. Iléyá.

N kò retí nǹkan kan láti ilé Raheem. Toyyibah, àbúrò rẹ̀ obìnrin, gbé ẹran wá nínú abọ́ tó ní ìdérí.

Mo ní, "Ṣé Raheem mọ̀?"

"Òun ló ní kí n gbé e wá. Ó ní òun kò ní torí rẹ ba ọdún òun jẹ́." Kò jókòó. "Bọ̀dá Múyìwá, ìṣirò yín dáa. Ọdún mélòó lẹ ti mọ Raheem? Ọjọ́ wo lẹ gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀?"

Mo ní mímọ ènìyàn kì í ṣe ẹ̀rí.

Ó ní, "Tíṣà ńkọ́? Ẹ̀rí wo lẹ ní nípa tiwọn, yàtọ̀ sí pé ẹ mọ̀ wọ́n?"

Inú bí mi. Mo ní kí ó máa lọ. Nígbà tó lọ tán, mo jẹ ẹran náà.

Ọjọ́rú, 19

Òjò ọjọ́ mẹ́ta. Tòmátò mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún kan náírà ní ọjà Ọ̀wọ̀, wọ́n sì ti rọ̀. Èso kòkó tó ti dú lára igi mi lé ní ọgọ́rùn-ún. Póńpù ṣì wà ní yàrá Baálẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi ń já èyí tó dú, mo ń rì wọ́n mọ́lẹ̀ kí àrùn má bàa ràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Mo gba ibi tí Raheem ti ń gbẹ́ kànga kọjá. Orí rẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo kí i. Ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró títí mo fi kọjá, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Jíjá tí mo já kòkó tó dú kúrò lọ́sẹ̀ tó kọjá ti ṣiṣẹ́. Igi apá òkè mọ́ tónítóní.

Sátidé, 29

Baálẹ̀ dá póńpù àáró padà fún wa. Mo da omi sí i, mo fà á, kò tu nǹkan kan. Bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun. Ṣèyíọlá ní èmi ni mo bà á jẹ́. Mo máa gbé e lọ fún Jamaldeen.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù keje

Ọ̀kadà di ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ sí Ọ̀wọ̀. Mo gbé póńpù sórí ẹsẹ̀ títí a fi dé.

Jamaldeen tú u. Ó fa asẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde, ó gbọ̀n ọ́n sí àtẹ́lẹwọ́. Iyanrìn odò ló jáde, ìṣáwùrù kékeré kan sì wà láàárín rẹ̀, ó kéré ju èékánná mi lọ.

"Ọmọ Àkókó, kí lẹ fi ń fọ́n kòkó yín? Ọbẹ̀ ìṣáwùrù?"

Mo ní omi òjò ni.

"Ṣé òjò abà yín ń rọ ìṣáwùrù ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, n kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Omi odò kò wọ póńpù yẹn láti ìgbà tí a ti rà á. Omi òjò la máa ń lò. Ọjọ́rú ni mo gbé e sílẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Baálẹ̀ ti tì í mọ́lé. Láàárín ìgbà méjì yẹn ni ó dé inú odò. Kò dúró lórí ìkọ́. Póńpù àáró wa ló pa odò, kì í ṣe ti Raheem.

Jamaldeen wò mí lójú. Kì í ṣe ọ̀dẹ̀. "Ta ló lò ó kẹ́yìn?"

"Èmi ni."

"Bí o bá gbé èyí lọ fi hàn wọ́n, ọrùn ara rẹ lo gbé lọ fún wọn. Jẹ́ kí n jù ú nù. Mi ò rí nǹkan kan, ìwọ náà ò rí nǹkan kan."

Mo ní kí ó wá nylon fún mi. Mo di iyanrìn àti ìṣáwùrù náà sínú rẹ̀.

Ọjọ́rú, 3

Mo bá Tíṣà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ rédíò. Mo tú nylon náà sórí àga níwájú rẹ̀. Ó pa rédíò.

Ó wò ó. Kò bi mí pé kí ni.

"O gbé póńpù wá pẹ̀lú oògùn nínú rẹ̀," ló ní. "Ìdajì rẹ̀ ló kún. Ṣèyíọlá ló máa lò ó lọ́jọ́ kejì. O mọ ẹnu rẹ̀. N kò fẹ́ kí wọ́n fi ọ́ kọ orin. Mo ní kí n bá ọ fọ̀ ọ́ kíákíá. Òjò ń bọ̀, n kò lè rìn dé kòtò rẹ, odò ló sún mọ́ mi."

"Tíṣà, mo fọ̀ ọ́."

"Ìta rẹ̀ lo fọ̀."

"Mo fọ inú rẹ̀. Mo fi omi inú drọ́ọ̀mù fọ̀ ọ́."

"Ọlámúyìwá, èmi ni mo ṣí i."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ sọ fún mi pé kò kúrò lórí ìkọ́?"

Ó fọwọ́ gbá iyanrìn àti ìṣáwùrù náà jọ bí ẹni ń gbá èérún búrẹ́dì. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní agbègbè yìí. Bàbá wọn, ìyá wọn, àwọn náà. Fàthíà yẹn, èmi ni mo kọ́ ìyá rẹ̀ ní ABD. Kí ni kí n wá sọ fún wọn? Raheem ti fẹ́ gbẹ́ kànga yẹn tán. Ọ̀rọ̀ náà ti ń tán lọ. Fi í sílẹ̀."

"Ẹ jókòó níbẹ̀, ẹ ń wò mí, mo sì ń ka ẹ̀sùn mọ́ Raheem lẹ́sẹ̀."

"Èmi kọ́ ni mo dárúkọ Raheem."

Òótọ́ ni. Èmi ni. Mo dìde, mo kó iyanrìn náà padà sínú nylon, mo ní n ó sọ ọ́ níwájú Baálẹ̀ ní Sátidé, pé kí òun náà wá sọ tirẹ̀. Ó ní, "Máa lọ, mò ń bọ̀."

Ọjọ́bọ̀, 4

Mo lọ sí etí kòtò mi. Mo fẹ́ rántí Ọjọ́rú náà. Mo rí ara mi, mo tẹ̀ síwájú, mo da omi sínú póńpù, mo gbọ̀n ọ́n, mo dà á nù. Ó mọ́ lójú mi kedere. Ṣùgbọ́n mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ bí ìgbà ọgbọ̀n lọ́dún méjì yìí. Èwo nínú rẹ̀ ni mo ń rí? N kò rántí ojú ọ̀run tó ṣú lórí rẹ̀. N kò rántí pé mo ń kánjú, bẹ́ẹ̀ sì ni mo kánjú.

Ó lè jẹ́ pé mo fọ̀ ọ́, tí Tíṣà tún ń parọ́. Ó lè jẹ́ pé n kò fọ̀ ọ́, tí ìyẹn sì jẹ́ òótọ́ kan ṣoṣo tí Tíṣà sọ. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀. N kò mọ apá tí n ó kọ wọ́n sí.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ìṣirò mi kò ní àṣìṣe. Méjì kúrò nínú mẹ́ta, ó ku ẹyọ kan, títí láé. Tíṣà ló kọ́ mi ní ìṣirò náà, Tíṣà náà ló sì fún mi ní irọ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. N kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló ń yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ wò? Toyyibah sọ ọ́ fún mi ní ojúkojú, mo lé e jáde. Òun fi mímọ ènìyàn mọ̀ pé Raheem kò ṣe é, ó sì jẹ́ òótọ́. Èmi náà fi mímọ ènìyàn gba Tíṣà gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 5

Òjò. Ìyá mi pè láti Ìkàrẹ́, ó ní kí n dákẹ́, kí n má fi ẹnu ara mi pa ara mi. Mo ní n kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bàbá rẹ náà nìyẹn."

Sátidé, 6

Gbogbo wọn wá. Jamaldeen gun alùpùpù wá láti Ọ̀wọ̀, n kò pè é. Ó sọ ibi tó ti rí iyanrìn náà, ó fi hàn wọ́n. Mo ní Raheem kò mọwọ́ mẹsẹ̀, èmi ni mo ṣìnà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà, mo ní Tíṣà ló gbé póńpù lọ sí odò, ó sì ti sọ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀.

Ariwo sọ. Màmá Lábísí ní, "Ṣé bí o ṣe máa kà wá tán lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn? Lánàá Raheem, lónìí Tíṣà, lọ́la èmi?"

Ṣèyíọlá ní, "Ẹ bi í bóyá ó tún ti yọ kiní kan kúrò nínú nǹkan."

Baálẹ̀ ní kí wọ́n dákẹ́. Ó bi Tíṣà léèrè.

Tíṣà dìde. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ilẹ̀. Mo rò pé ó máa sọ ọ́, Ọlọ́run ló gbọ́, títí dé ìṣẹ́jú yẹn mo rò pé ó máa sọ ọ́.

"Ẹ̀rù ló ń ba ọmọ yìí," ló ní. "Ẹ má bínú sí i. Kò ní bàbá. Ó ń kánjú lọ́jọ́ náà, òjò ń bọ̀, kò mọ̀ọ́mọ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀bi tí ẹ fẹ́ kà sí i lọ́rùn, ẹ kà á sí èmi tí mo kọ́ ọ. Mo bẹ̀ yín." Ó sì kúnlẹ̀. Bàbá ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ fún mi. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Nígbà tí mo ṣìnà, gbogbo wọn gbà mí gbọ́. Lónìí tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ń wo ojú wọn, kò sí ọ̀kan tó gbà mí gbọ́.

Raheem dìde. Amọ̀ kànga ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ó ti ka ẹ̀sùn mọ́ mi lẹ́sẹ̀ nígbà kan, inú mi kò sì tíì yọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí òun bá ni ó ṣe é, kí ló ń gbé iyanrìn yìí bọ̀ wá fún? Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Èmi ni mo wà nínú kànga. Kí ló ń wá?"

Baálẹ̀ ní nítorí ẹ̀bẹ̀ Tíṣà, wọn kò ní lé mi lójú ẹsẹ̀. Kí n kórè ti ọdún yìí. Tí kòkó bá ti gbẹ tán, kí n dá ilẹ̀ padà. Yorùbá àlejò ló fi sọ ọ́.

Sọ́ńdè, 7

N kò jáde.

Ọjọ́bọ̀, 18

Omi ti yọ nínú kànga. Wọ́n ní kí Raheem dáwọ́ dúró láti Sátidé yẹn, ó ní òun kò lè fi kànga sílẹ̀ nígbà tí òun ti ń gbóòórùn omi. Mo lọ bá a fa amọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. A kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lónìí ó ní, "Fa okùn yẹn dáadáa, Ọ̀gbẹ́ni Ìṣirò." Mo fà á.

Sátidé, 27

Oòrùn ràn. Mo fọ́n oògùn sí ìdajì kòkó mi. Raheem ló yá mi ní póńpù rẹ̀. Bí mo ṣe ń lọ láti igi dé igi, mo ń ka àwọn tó dúró tì mí.

Raheem, ẹyọ kan. Jamaldeen, méjì, ó fi ìrìn àjò àti ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ṣòfò. Toyyibah, mẹ́ta, ìdí ni pé ó sọ òótọ́ fún mi nígbà tí n kò fẹ́ ẹ. Ìyá mi kò sí nínú rẹ̀, ìyá ni.

Mo dé ìdí sàárè bàbá mi, mo dúró. Ta ló jókòó tì mí níbí fún ọjọ́ méje? Ta ló kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ nígbà tí gbogbo abà fẹ́ kí n kó ẹrù mi lọ́jọ́ kan náà? Bí kì í bá ṣe ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni, n kò ní fọ́n oògùn sí igi kankan lónìí. Bí kì í bá ṣe irọ́ rẹ̀ ni, n kò ní nílò ẹni tó máa bẹ̀bẹ̀ fún mi.

Mo ka Tíṣà mọ́ wọn, wọ́n jẹ́ mẹ́rin. Mo yọ ọ́ kúrò, wọ́n jẹ́ mẹ́ta. Mo rìn dé igi tó kàn, mo tún kà wọ́n, mo tún dúró síbẹ̀.

Mo gbé póńpù sẹ́yìn. Ìdajì oko ṣì kù. N kò kà wọ́n mọ́.